Ẹni Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ ní Ibùdókọ̀ Piacenza

Ọjọ́ tí lẹ́tà ilé ẹjọ́ wọ ilé Mọ́yọ̀ọ̀lá ní Padova, kò ṣí i. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó fi àwo ìjẹun bò ó mọ́lẹ̀, ó wá fa àga jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ eku tó há sábẹ́ igbá. Kì í ṣe ojo obìnrin o. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn, láti aago méje àárọ̀ ló ti máa ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí, ojú rẹ̀ kì í sì í ṣẹ́. Orúkọ tó rí lẹ́yìn àpòòwé náà ló dà á láàmú: Adédayọ̀ Oyèkọ́lá. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́, tó ń gbé ní Torino.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá tí wọ́n ti pínyà. Lọ́dún 1991, nígbà tí àwọn méjèèjì dúró níwájú adájọ́ ní Padova yìí kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Adédayọ̀ ṣì jẹ́, iṣẹ́ tó sì ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà kan ní Moncalieri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Torino, iṣẹ́ tí kò ní ìwé, tí kò ní òǹtẹ̀ ni. Adájọ́ bi í léèrè iye tó ń wọlé fún un lóṣù. Ó ní òfo. Adájọ́ kọ òfo sílẹ̀, ó pín òfo sí ọ̀nà méjì, ó ní kí bàbá máa san òfo lóṣooṣù fún ìtọ́jú ọmọ. Nítorí òfo yìí ni wọ́n ṣe fi ọmọ náà, Ìrètíolúwa, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, sí ọwọ́ ìyá rẹ̀ pátápátá. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bàbá tí kò gbọ́ bùkátà kankan kò lè mú ọmọ kọjá ẹnubodè Italy, àfi tí ìyá bá fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà, lójú agbẹjọ́rò méjì àti ọkùnrin kan tó ń nulẹ̀, Mọ́yọ̀ọ̀lá na ìka sí Adédayọ̀ nímú, ó ní láti òní lọ, kọ́bọ̀ rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun òun àti ti ọmọ òun. Ọkùnrin tó ń nulẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ dúró.

Kí wá ni ẹni tí wọ́n ní kó máa san òfo ń wá padà ní ilé ẹjọ́? Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n dín òfo kù fún òun ni?

Ìrètíolúwa ló ti ilé ìwé dé, tí ebi ń pa, tó gbé àwo. "Mamma, c'è una lettera." Ìyá rẹ̀ ní òun mọ̀ pé lẹ́tà wà níbẹ̀, kó lọ fọwọ́. Ó ya lẹ́tà náà. Ohun tó wà lókè rẹ̀ ni pé Adédayọ̀ ń bẹ ilé ẹjọ́ kí wọ́n tún owó ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti ọdún 1991 yẹ̀ wò, kí wọ́n sì yí i padà. Mọ́yọ̀ọ̀lá kò rí òkè. Ìsàlẹ̀ ni ojú rẹ̀ já sí: pé ó ń bẹ̀bẹ̀ kí òun lè mú ọmọ náà lọ kí ìyá òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fún gbogbo oṣù kẹjọ.

Ẹ̀rù bà á. Ó mọ ọmọbìnrin kan ní Bergamo tí bàbá rẹ̀ mú lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Fọ́tò ni ìyá ọmọ náà ń rí gbà, nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, aṣọ ilé ìwé ọmọ náà á ti tóbi sí i.

Agbẹjọ́rò Mọ́yọ̀ọ̀lá ni Giulia, obìnrin kan tó máa ń fi sìgá tí kò tanná sí ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ka ìwé náà tán, ó tún un kà, ó yọ sìgá.

"Signora, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin yìí kò ní kí wọ́n dín in kù. Ó ní kí wọ́n gbé e sókè."

Láti òfo sí igba ẹgbẹ̀rún lírà lóṣù, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n pínyà. Giulia ní láti ọdún mọ́kànlá tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò rí ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé ẹjọ́ pé owó tí wọ́n ní kí òun san kéré. Ó béèrè bóyá ara ọkùnrin náà ò yá. Mọ́yọ̀ọ̀lá ní ara rẹ̀ yá dáadáa, pé orí rẹ̀ pé, ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù. Giulia wá fi ìka tọ ìlà tó wà láàárín, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí Mọ́yọ̀ọ̀lá kà nílé: Adédayọ̀ ní òun ti san owó náà pé pérépéré láti ọdún mẹ́fà, oṣù kan kò yẹ̀.

"Ta ló san án fún?" ni Mọ́yọ̀ọ̀lá béèrè.

Giulia ní kò kọ ìyẹn síbẹ̀, ẹlẹ́rìí ni ó ní òun máa mú wá. Ó sì ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Tí ilé ẹjọ́ bá gbà pé ó san án, a jẹ́ pé bàbá tó tọ́ ọmọ rẹ̀ ni, kì í ṣe bàbá òfo mọ́. Odi tó dí ẹnubodè mọ́ ọmọ yẹn á wó. Mọ́yọ̀ọ̀lá dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ọ̀rọ̀ ti yé e wàyí. Ọkùnrin náà fẹ́ fi irọ́ ra ọmọ ni, igba ẹgbẹ̀rún lírà lóṣù ló sì dá lé e.

Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹta, Ọlálẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n Mọ́yọ̀ọ̀lá, wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Piacenza ló ń gbé, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ló kà ní yunifásítì. Láti ìgbà tí Mọ́yọ̀ọ̀lá ti di ẹni tó ń dá ọmọ tọ́, kò sí oṣù tí Ọlálẹ́yẹ kì í wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Padova pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ká sí mẹ́rin nínú àpò kóòtù rẹ̀. Igba ẹgbẹ̀rún lírà àti àádọ́ta ẹgbẹ̀rún ló máa ń wà nínú rẹ̀. Mọ́yọ̀ọ̀lá á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á ṣàdúrà fún un bí ẹni ń ka ìwé ìkíni. Kì í kà á lójú rẹ̀. Kò béèrè rí bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó jọ. Àbúrò wo ló ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti rí owó tó fi ṣe é lóore? Ohun tó kàn ni pé kó bu ọbẹ̀, kó sì wá ẹran tó tóbi jù lọ nínú ìkòkò fún un. Ìrètíolúwa ń pè é ní Bàbá Piacenza. Táì pupa onílà búlúù tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn ló fún un nígbà Kérésìmesì, kò sì bọ́ ọ láti ìgbà náà, àfi bóyá tó bá fẹ́ wẹ̀.

Ọlálẹ́yẹ ti bu òkèlè kẹta nígbà tí Mọ́yọ̀ọ̀lá gbé lẹ́tà síwájú rẹ̀. Ó kà á. Òkèlè náà dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mọ́yọ̀ọ̀lá ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé kò san kọ́bọ̀ rí. Ẹ máa bá mi wá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọlálẹ́yẹ gbé omi rẹ̀ mu. Ó gbé omi Ìrètíolúwa náà mu. Ó wá ní kí Mọ́yọ̀ má lọ sí ilé ẹjọ́ kankan, pé òun mọ àwọn òyìnbó yìí dáadáa, tí wọn ò bá rí èèyàn lójú, wọn á gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, wọn á máa bá ìsinmi wọn lọ. Ó ní oníwàhálà ni Adédayọ̀, kí ó fi í sílẹ̀ kó máa pariwo níbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òun ti fẹ́ lọ. Ọkọ̀ kì í lọ títí di aago márùn-ún, aago mẹ́ta àbọ̀ sì ni.

Nígbà tó jáde, Mọ́yọ̀ọ̀lá wo inú àwo rẹ̀. Ẹran ńlá náà wà níbẹ̀ gbọnrangandan, eyín kò kàn án. Láti ọdún mẹ́fà, Ọlálẹ́yẹ kò fi ẹran sílẹ̀ nílé rẹ̀ rí, kódà lọ́dún tí eyín ń dùn ún.

Nǹkan wà níbẹ̀. Mọ́yọ̀ọ̀lá gbé ẹran náà sókè sí iná bí ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò, kò rí nǹkan kan, ó dá a padà sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe ẹnì kan mọ́ ló ń fura sí, méjì ni.

Nígbà tí Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹrin dé, ó mú Ìrètíolúwa lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó wé gèlè mọ́ ojú dé ibi tí ó lè dé láìjẹ́ pé àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Piacenza. Ó fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe kó tó di pé ó wọ ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ òun. Ó jókòó sínú ilé kọfí tó wà nínú ibùdókọ̀, lẹ́yìn ìwé ìròyìn eré bọ́ọ̀lù tí kò yé e. Ihò méjì ló fi ìka dá sí i.

Obìnrin àgbà tó ń ta kọfí níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun kan tó yà á lẹ́nu. Nígbà tí aago kọjá mẹ́sàn-án díẹ̀, ó bu omi sínú ife, ó da ṣúgà síbíi mẹ́ta sí i, ó rò ó, ó gbé e sí etí káńtà, ó wá ń wo agogo. Mọ́yọ̀ọ̀lá bi í pé ta ló ni ín.

Obìnrin náà mi orí. Ó ní ti ọkùnrin dúdú kan ni, tálákà Ọlọ́run, tó máa ń ti Torino wá, tó máa ń ṣubú. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ara rẹ̀ á le, á bọ́ sílẹ̀, á ṣubú gbọọrọ, á wá dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó ní òun ti ń gbé omi ṣúgà lọ bá a láti ọdún mẹ́rin, ó máa ń mu ún, ó sì máa ń dúpẹ́ dáadáa.

Ọkọ̀ Torino wọlé. Adédayọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kóòtù tó dára àti bàtà tó ń dán. Ó ti sanra díẹ̀, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀. Lójú ihò ìwé ìròyìn, Mọ́yọ̀ọ̀lá rí i tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ọlálẹ́yẹ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, pẹ̀lú táì rẹ̀. Adédayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀ ibùdókọ̀. Àwọn èrò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpótí wọn. Ó dìde, ó gbọn eruku ikùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì yọ àpòòwé funfun kan láti àyà, ó nà án sí Ọlálẹ́yẹ. Ọlálẹ́yẹ gbà á, ó fọwọ́ lù ú lẹ́yìn, ó ti àpòòwé bọ àpò. Obìnrin oníkọfí ti ń sáré lọ pẹ̀lú ife.

Mọ́yọ̀ọ̀lá ká ìwé ìròyìn náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń ta ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti san án fún un lójú òun, ẹni tó rà á tún dọ̀bálẹ̀ fún un. Abájọ tí kò fẹ́ kí òun dé ilé ẹjọ́. Abájọ tí kò lè gbé ẹran mì.

Ó bá ọkọ̀ kan náà padà pẹ̀lú Ọlálẹ́yẹ, ó fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe ibùgbé láti ibẹ̀ dé Padova, àwọn tó fẹ́ lò ó ń kanlẹ̀kùn títí wọ́n fi sú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, Mọ́yọ̀ọ̀lá ti sáré délé ṣáájú rẹ̀, ó ti wọ aṣọ ìdáná. Ọlálẹ́yẹ yọ ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tó ká sí mẹ́rin. Orúnkún Mọ́yọ̀ọ̀lá kọ́kọ́ kọ̀, ó fi ipá tẹ̀ ẹ́. Ó ní wọ́n ṣeun, wọ́n kú ìnáwó. Ẹran kékeré ló bù fún un. Ọlálẹ́yẹ wo ẹran náà, ó wo àbúrò rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà Giulia. Ó fẹ́ dójú tì wọ́n níwájú adájọ́, kí wọ́n má rí àyè múra sílẹ̀. Ó gbé pásípọ́ọ̀tù Ìrètíolúwa kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ó tì í bọ inú agolo ìrẹsì, ó sì ń wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìdajì oṣù karùn-ún ni wọ́n pe ẹjọ́. Adájọ́ jẹ́ obìnrin, ó ní awò lójú, ó ní òmíràn lórí. Adédayọ̀ jókòó sí apá kan pẹ̀lú agbẹjọ́rò rẹ̀, Mọ́yọ̀ọ̀lá àti Giulia jókòó sí èkejì. Ọlálẹ́yẹ wọlé pẹ̀lú táì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó lọ jókòó sí àárín gbùngbùn níbi tí kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni obìnrin oníkọfí Piacenza ti wọlé, pẹ̀lú fìlà, àti ìgò omi nínú báàgì.

Adájọ́ ní kí Adédayọ̀ mú rìsíìtì wá, níwọ̀n ìgbà tó ní òun san owó fún ọdún mẹ́fà. Adédayọ̀ ní kò sí rìsíìtì. Adájọ́ gbé awò ojú lọ sí orí, ó gbé ti orí wá sójú.

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni mò ń kó o fún, màdáàmù," ni Adédayọ̀ sọ. "Àna mi ni. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún un tán, kí n wá na bírò sí i pé kó fọwọ́ sí i pé òun gbowó? Olè ni mo pè é yẹn."

Adájọ́ ní kò yé òun. Ó yé Mọ́yọ̀ọ̀lá. Ó yé e débi tó fi bínú. Ó ti dìde láti kígbe pé owó ọmọ tí wọ́n tà ni, kó tó di pé Giulia fà á ní aṣọ, ẹnu rẹ̀ sì dúró ní lílà, nítorí pé nǹkan mìíràn ń wọ inú orí rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún mẹ́fà. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré.

Obìnrin oníkọfí jẹ́rìí. Ó sọ ti ìṣubú, ó sọ ti àpòòwé, ó sọ iye ṣúgà. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òun rí i, nígbà òtútù ọdún 1993, òun ló pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Agbẹjọ́rò Adédayọ̀ yọ ìwé kan tó ti pọ́n létí, ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ní nínú gbogbo ẹjọ́ náà, tí àwọn ọlọ́kọ̀ pàjáwìrì kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ lóǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Adájọ́ kà á sókè:

"Aláìsàn wà ní ìdojúbolẹ̀. Ó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó kọ̀ láti wọ ọkọ̀. Ó ní àna òun lòun ń kí."

Akọ̀wé kóòtù fi ọwọ́ bo ẹnu. Adájọ́ ní kí Ọlálẹ́yẹ dìde. Ọlálẹ́yẹ dìde, ó di táì rẹ̀ mú bí ẹni di okùn kànga mú, ó ní òótọ́ ni, Adédayọ̀ ló ni owó náà. Ó ní nítorí pé Mọ́yọ̀ búra pé kọ́bọ̀ ọkùnrin yìí kò ní wọ ọ̀fun òun ni Adédayọ̀ ṣe bẹ òun kí òun máa mú un lọ bí ẹni pé tòun ni.

Adájọ́ bi Adédayọ̀ pé èló ni lóṣù. Ó ní igba ẹgbẹ̀rún lírà. Ó bi Mọ́yọ̀ọ̀lá pé èló ló ń dé ọwọ́ rẹ̀ láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mọ́yọ̀ọ̀lá kò fẹ́ sọ ọ́. "Igba ẹgbẹ̀rún," ló wí, "àti àádọ́ta."

Gbogbo ilé yíjú sí Ọlálẹ́yẹ. Adédayọ̀ pàápàá yíjú, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Adájọ́ bọ́ awò méjèèjì. Ó ní nínú yàrá yìí, owó tó bá gba ọwọ́ ẹbí kọjá, rírù ló máa ń rù kó tó débi tó ń lọ. Òun ò tí ì rí èyí tó sanra lójú ọ̀nà.

Ọlálẹ́yẹ kò dá adájọ́ lóhùn. Àbúrò rẹ̀ ló kọjú sí, Yorùbá ló sì sọ.

"Oṣù àkọ́kọ́, mo fẹ́ sọ fún ẹ. Kí n tó la ẹnu, o ti kúnlẹ̀. O ti bu ẹran sí mi lẹ́nu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ẹran lẹ́nu, Mọ́yọ̀? Oṣù kejì, ó ti le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wá ní kí n máa fi àádọ́ta tèmi lé e, kí n lè ní nǹkan tí mò ń jẹ ẹran lé lórí."

Mọ́yọ̀ọ̀lá jókòó. Ó ti fura sí ọkọ, ó ti fura sí ẹ̀gbọ́n, kò ku ẹni tó máa fura sí mọ́ àfi ara rẹ̀.

Adájọ́ wá sọ ibi tí agbára òun mọ. Ó ní òun ò lè padà lọ sí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn kí òun lọ fi bírò pa òfo tí adájọ́ mìíràn kọ. Ọdún tí a ti kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, kóòtù òun ò ní ṣí i. Ohun tí òun lè ṣe ni pé tí ìyá ọmọ bá gbà pé owó bàbá ló dé ọwọ́ òun, kó fọwọ́ sí i, òun á fi í sínú fáìlì, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí láé. Tí kò bá fọwọ́ sí i, kó máa lọ ilé, òfo á máa jẹ́ òfo. Ó ti ìwé kan àti bírò kan sí iwájú Mọ́yọ̀ọ̀lá.

Giulia tẹ̀ sí i létí. Ó ní tó bá fọwọ́ sí i, yóò nira fún òun láti di ọ̀nà ẹnubodè mú mọ́. Ó ní kó rántí oṣù kẹjọ. Ó ní kò sí ẹni tó lè fi ipá mú un.

Mọ́yọ̀ọ̀lá di bírò mú. Ó wo ọkùnrin tó ti pè ní bàbá òfo fún ọdún mẹ́fà.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?" ló bi í. "Lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí."

Adédayọ̀ ní nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀, Ìrètíolúwa fi fóònù pe òun ní Torino. Ọmọ náà ní Bàbá Piacenza ló ń sanwó ilé ìwé òun, pé òun fẹ́ ra ẹ̀bùn fún un, owó òun kò sì tó. Ó ní ṣé òun, Adédayọ̀, lè fi díẹ̀ kún un.

"Mo fi kún un," ló wí. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àárín gbùngbùn. "Èmi ni mo ra táì yẹn."

Ọlálẹ́yẹ wo àyà ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú táì náà, ó dáwọ́ dúró ní agbede-méjì, kò mọ ẹni tó yẹ kó dá a padà fún.

Ẹ̀rín ń bọ̀ lọ́fun Mọ́yọ̀ọ̀lá, ó gbé e mì. Ọmọ Bergamo yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, aṣọ ilé ìwé tó ń tóbi sí i nínú fọ́tò. Ẹni tó lè fi irọ́ tó dára tó báyìí pa mọ́ fún ọdún mẹ́fà lè pa òmíràn mọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún oṣù kan.

"Bàbá Ìrètí," ló pè é, ó sì pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Ẹ yọ oṣù kẹjọ kúrò nínú ìwé yẹn. Èmi ni mo máa mú un lọ kí Màmá, ní Kérésì. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ á wà nínú báàgì mi, báàgì mi á wà lábẹ́ apá mi. Owó yín, ẹ máa gbé e wá fúnra yín, sí ẹnu ọ̀nà mi, lójú ọmọ. Tẹ́ ẹ bá gbà, mo máa fọwọ́ sí i."

Adájọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Adédayọ̀ ní òun gbà, òun ò tilẹ̀ rò pé yóò tó bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ fi bírò pa oṣù kẹjọ rẹ́. Wọ́n kọ ọ́ pé ìwé ẹnubodè dúró bó ṣe wà, pé láti oṣù tó ń bọ̀, igba ẹgbẹ̀rún lírà àti àádọ́ta ni bàbá á máa san, ní ọwọ́ sí ọwọ́. Mọ́yọ̀ọ̀lá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Adédayọ̀ gbé báàgì sílẹ̀. Kò sí bó ṣe lè kọjá lójú àna rẹ̀ láìkí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ọlọ́pàá kóòtù kan sáré bọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin oníkọfí ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó ń ṣí ìgò, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n fún un láàyè, pé kó tó ìṣẹ́jú kan, á dìde.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, aago ẹnu ọ̀nà dún. Àwọn méjèèjì ló wá, Adédayọ̀ níwájú, Ọlálẹ́yẹ lẹ́yìn rẹ̀, táì tún ti wà lọ́rùn. Ìrètíolúwa ló ṣílẹ̀kùn. Lójú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti na àpòòwé funfun sí ìyá rẹ̀. Ọmọ náà wo àpòòwé, ó wo Bàbá Piacenza, ó wo bàbá rẹ̀. "Ma allora eri tu?" ló béèrè, pé àbí òun ni láti ọjọ́ yìí. Adédayọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní a jẹ́ pé òun jẹ ẹ́ ní táì kan.

Wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Mọ́yọ̀ọ̀lá wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ sínú agolo ìrẹsì, pásípọ́ọ̀tù wà níbẹ̀. Ó wá ya àpòòwé náà, ó kà á, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́fà kí ẹni tó gbé owó wá tó lọ. Ó tún un kà. Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún lírà.

Ó yọjú sí yàrá. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń wo inú ọbẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ sí i.

"Ta ló fi àádọ́ta lé e?"

Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Mọ́yọ̀ọ̀lá padà sí ilé ìdáná, ó gbé agolo ìrẹsì kúrò nílẹ̀, ó gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù lọ.